Òwú Pupa Lọ́rùn Ewùrà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta 2025

Ojú ti dé láti Ìbàdàn. Ó rù. Mo ní ó rù, ó ní rárá Mọ́mì, bí ẹ ṣe máa ń sọ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Jọmílójú ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kó tó lọ fi mí sílẹ̀. Èmi gé e sí Ojú.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ní láàbù yẹn máa parí lóṣù kẹfà. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ó ní àyè kan wà ní Scotland, ọdún mẹ́rin, wọn á máa sanwó fún un láti ka PhD. Lórí kí ni? Lórí ewùrà. Mo ní kó tún un sọ. Ewùrà, Mọ́mì. Ibi tó ti ṣẹ̀ wá, bó ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

Mo ní ó dáa. Inú mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé ní káńsù Odògbólù, mi ò rí fáìlì ẹni tó ń fi ewùrà jẹun rí, àfi àgbẹ̀.

Ọjọ́rú, 5

Báńkà pè láti Èkó — Harold, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àyè kan ṣí ní ẹ̀ka béńkì wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. “Ẹ sọ fún Dókítà Iṣu kó má fi ṣeré o.” Ìjẹ̀bú-Òde! Kèké ẹyọ kan sí ilé mi! Mo ti gbàdúrà sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

A lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Ògúndèyí. Àgbà àgbẹ̀. Ojú wọn kan ti fọ́, ẹnu wọn ò fọ́. Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń sọ jinlẹ̀ débi pé èmi ni mo ń túmọ̀ fún Ojú.

Ewùrà kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wọn nínú irú tí wọ́n ń pè ní Dúródèmí. Àwọn ọmọ ti ta ilẹ̀ tó kù fún àwọn tó ń kọ́lé. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ẹni tó bá ń lọ sí ìrìn àjò á fi í sílẹ̀ nínú ebè, kò ní jẹrà, ó di ìgbà tó bá dé. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ohun mìíràn: bí o bá rin ín, kì í dúdú. Ewùrà yòókù, kí o tó mú epo ó ti pàwọ̀ dà. Tirẹ̀ funfun bí òwú di ọjọ́ kejì.

Wọ́n gbé e lé Ojú lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. “Má jẹ́ kó parun o.” Ó kúnlẹ̀ gbà á, tòun ti ṣòkòtò jíńsì.

Ó so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn, ó fi í sínú apẹ̀rẹ̀ kíṣìnnì láàárín àwọn tèmi. Ó ń dúró kó yọ ewé. Ewé tútù ni láàbù ń kà.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo ní láti kọ èyí sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Ojú ní ìwé kan wà nínú gbogbo ohun tó lẹ́mìí, lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́. Mẹ́rin! Àwa ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, a ò tíì kọ nǹkan kan tó hù. Jíìnóòmù lorúkọ odindi ìwé náà — ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó pè é.

Ó tún ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé gígé là ń gé ewùrà gbìn, kì í ṣe ọmọ rẹ̀ là ń wú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òun fúnra rẹ̀ ni. Ara kan náà. Ewùrà tí ìyá ìyá ìyá mi gún ebè fún, bí ọwọ́ kan ò bá sọ ọ́ nù láàárín, òun gan-an nìyẹn nínú apẹ̀rẹ̀. Mo lọ yọjú wò ó. Díẹ̀ ló kù kí n kí i.

Ṣùgbọ́n èyí ló yà mí lẹ́nu jù: ewùrà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí! Ọ̀nà Éṣíà ló ti wá, ó la òkun kọjá. Mo ní irọ́ ni. Ìkọ́kọrẹ́? Oúnjẹ tí wọ́n fi ń dá wa mọ̀? Ó ní, “Àlejò ni, Mọ́mì. Ó kàn ti pẹ́ nílé ni.” Láti òní lọ, Àlejò ni mo ń pè é.

Ọjọ́rú, 12

Ojú wà ní Ìbàdàn di Sátidé. Báńkà yà wá nídìí iṣẹ́, ó ní òun ò ní lọ láìjẹ ìkọ́kọrẹ́. Kò síná, òjò ṣú, kíṣìnnì dúdú. Mo nawọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, mo mú èyí tó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo gé orí rẹ̀, mo rì í mọ́ ẹ̀yìn kíṣìnnì bí mo ṣe máa ń ṣe, mo bẹ ìyókù, mo rin ín. Ẹja, edé, epo. Báńkà jẹ àwo mẹ́ta. “Mọ́mì, tòní yàtọ̀ o.” Inú mi dùn.

Mo wá lọ fọ abọ́ tí mo rin ín sí. Èyí tó gbẹ mọ́ etí abọ́ — funfun. Ó ti lé ní wákàtí méjì. Funfun bí òwú.

Mo jókòó sórí ilẹ̀.

Òwú pupa náà — èmi ni mo tú u lánàá. Mo fi so ọ̀rá ẹja gbígbẹ. Mo ní màá wá òmíràn so mọ́ ọn. Mo gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo ra ewùrà kan lọ́jà Òkè-Àjé. Ó jọ ọ́. Mo so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Olúwa, dákun.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Kí n kọ òótọ́ síhìn-ín, torí pé ibòmíràn ò sí. Ohùn kan sọ nínú mi pé bóyá báyìí ni kò ṣe ní lọ. Pé béńkì ló kù. Mo gbá ara mi lẹ́nu. Ohùn náà ò dákẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ó dé. Ìdí apẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. “Mọ́mì, ó jọ pé ó sanra sí i.” Mo ní ooru ni. Ooru! Èmi tí mo yege bàọ́lọ́jì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo béèrè pé, jọ̀ọ́, ta ló ń gba èèyàn síṣẹ́ lórí nǹkan wọ̀nyí. Mo rò pé kò ní rí ìdáhùn. Ó kà á títí ó sú mi. Àwọn tó ń tọ́jú irúgbìn gbogbo ayé sínú yàrá tútù nítorí ọjọ́ ọ̀la. Àwọn tí kì í fọwọ́ kan ewé rárá, tó jẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń to lẹ́tà — ó ní Yasir, ọmọ kíláàsì rẹ̀, jókòó ní Ìbàdàn, ó ń bá àwọn ará Jámánì ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń wá iṣu tí kòkòrò kì í jẹ. Olùkọ́ yunifásítì. Ojú rẹ̀ ń dán. Bàbá rẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀ tó bá ń tún rédíò ṣe.

Ó ṣí Pátákó — láàpútọọ̀pù rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tò lórí ara wọn, àwọ̀ mẹ́rin, wọ́n lọ bí aṣọ òkè tí kò lópin. Ewùrà méjì láti ìlú méjì: orúkọ kan náà, ara ọ̀tọ̀. Ó fi ìka tọ́ ọ: níbí, àti níbí. Mo gbàgbé láti mí.

Ó wá ní, “Iṣu ò lè purọ́ fún wa, Mọ́mì. Èèyàn ló lè purọ́. Ẹni tó bá sì fi ewé kan pe òmíràn, tí wọ́n bá rí i, orúkọ ẹ̀ ti bàjẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn.”

Mo dìde, mo lọ ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì.

Ọjọ́rú, 19

Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Èyí tí mo rà lọ́jà ti yọ ewé. Ó já a tìfẹ́tìfẹ́, ó fi í sínú ìwé pélébé, ó kọ Dúródèmí sí i lára. Mọ́ńdè ni yóò gbé e lọ sí láàbù. Orúkọ ọmọ mi ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mo ti sọ.

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó ń bọ́ bàtà. Mo kúnlẹ̀ — èmi ìyá — ó pariwo, “Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe!” ó ń fà mí lápá, mi ò dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀: òwú, ìkọ́kọrẹ́, Òkè-Àjé. Mo sọ ti ohùn yẹn náà. Ìyẹn ló dùn ún jù, mo rí i.

Ó ní, “Bàbá ní kí n má jẹ́ kó parun.” Kò pariwo. Ì bá pariwo.

Ó jáde. Mo gbọ́ pé ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé. Nígbà tó yá ó yọjú láti ojú wíńdò: “Mọ́mì, orí ẹ̀ ńkọ́?”

“Orí ta ni?”

“Orí ewùrà! Ṣé ẹ sè é mọ́ ọn ni?”

Ó mà ń bi mí ní ìbéèrè ọmọdé. Mo ní orí ewùrà kì í wọ ìkòkò. Ìyá mi ò sè é rí, ìyá rẹ̀ ò sè é rí. Ẹ̀yìn kíṣìnnì là ń rì í —

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sáré nínú àwa méjèèjì.

Orí méje ni mo ti rì síbẹ̀ láti Kérésì. Márùn-ún ti hù. Ewo ni? Inú òkùnkùn ni mo rì í. Gbogbo wọn jọra bí ọmọ ìbejì. Ojú jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹrin náà di ẹkún, mo dì í mú.

Ọjọ́ Ajé, 24

Ewé márùn-ún, ìwé pélébé márùn-ún, nọ́ńbà ọ̀kan dé márùn-ún. Ó ya èyí tó kọ Dúródèmí sí lára dànù. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ ní láàbù, Dókítà Hafeezah, ó gbé e sí gbangba kí n lè gbọ́. Wọ́n ní, “Kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ náà, kọ ọ́.” Wọ́n tún ní, “Bá mi kí Mọ́mì.”

Ó ku ohun kan: kí la ó fi mọ ọ̀kan nínú márùn-ún? A nílò nǹkan tó jẹ́ ti Dúródèmí látilẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Ògúndèyí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n fi ojú kan yẹn wò mí.

“Ṣé ó dùn?”

“Ó dùn, Bàbá.”

“Kí la tún ń fi ewùrà ṣe?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. Wọ́n ní lẹ́yìn kíṣìnnì ìyá ìyàwó àwọn náà ni àwọn ti rí i. Wọ́n mú wa lọ sí etí oko tí àwọn akọ́lé ò tíì dé. Ìtàkùn Dúródèmí ti èṣí ṣì lọ́ mọ́ igi, ó gbẹ, ewé rẹ̀ dà bí ìwé tí iná lá. Ojú ní ewé bẹ́ẹ̀ dà bíi lẹ́tà tí òjò pa: o ò lè kà á tán, ṣùgbọ́n o lè mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n orí méjì ò tíì hù. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ńkọ́? Mi ò sọ ọ́. Òun náà ò sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹrin

Wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí Pátákó. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ “ìyá mi” lédè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín ní Scotland. Ó jáde, ó ní òun sọ òótọ́ gbogbo, òun ò mọ̀ bóyá òun pa ara òun ni.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Àjíǹde. Àwọn orí méjì yẹn ti jẹrà. Mo hú wọn wò. Mi ò lè sọ fún un lónìí.

Ọjọ́rú, 30

Nọ́ńbà kẹrin!

Ó pè mí láti Ìbàdàn. Níbi tí ewé gbígbẹ yẹn ti ṣeé kà, lẹ́tà sí lẹ́tà, nọ́ńbà kẹrin ni. Àwọn mẹ́rin yòókù, ẹni ọjà ni wọ́n. Wọ́n wá gbé e síwájú gbogbo ewùrà tí wọ́n ní nínú àkọsílẹ̀: kò bá ọ̀kankan dọ́gba. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù, erékùṣù kékeré kan ni wọ́n ti wú u, lójú òkun tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀.

Mo jáde lọ sẹ́yìn kíṣìnnì. Ó dúró síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ń da omi abọ́ sí, ewé mẹ́jọ, ìrì lórí. Òkun, ọkọ̀, ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, obìnrin lẹ́yìn obìnrin tí wọn ò jẹ́ sè orí — títí dé ọ̀dọ̀ mi, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kan.

Mo bọ́ bàtà kí n tó sún mọ́ ọn. Mi ò mọ ìdí.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù karùn-ún

Wọ́n ti mú un. Oṣù kẹsàn-án ni yóò lọ. Wọ́n ní bó ṣe sọ àṣìṣe náà ló jẹ́ káwọn fọkàn tán an.

Báńkà ní, “Dókítà Iṣu náà nìyẹn lóòótọ́,” ó ní kí n má sunkún, òun ló ń sunkún.

Fọ́ọ̀mù kan wà, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti rí ewéko náà. Ojú kọ ọ́: ẹ̀yìn kíṣìnnì ìyá mi, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ọjọ́ Àìkú, 11

Lánàá ó sọ fún mi pé níbikíbi láyé, ọ̀tún ni ewùrà ń gbà lọ́ mọ́ igi. Mo ní èyí pọ̀ jù. Mo gún igi fún Àlejò, mo wé e sí òsì, mo fi òwú pupa dè é — òwú ẹja yẹn, mo ti fọ̀ ọ́.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹnu rẹ̀ ti kúrò níbi tí mo fi í sí. Lókè òwú náà, ó ti yí padà, ó ti gba ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Lẹ́tà mẹ́rin péré.

Mo tú òwú náà.

Ojú dúró lẹ́yìn mi. Ó ní ta ni yóò wá máa tọ́jú ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Mo ní kí lorúkọ rẹ̀?

Ó ní Dúródèmí.

Mo ní ẹ̀n-ẹ́n.