Bàbá Nínú Ọ̀rá Koríko

                                        Oko Hvammsel,
                                        Ẹsẹ̀ Òkè Ljótafell,
                                        Iceland.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ẹrẹ́nà, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Oddný ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àjò, ẹ sì kú ìfaradà ìlú tí kò ní òkè kankan. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Copenhagen? Jeppe ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti ń fúyẹ́? Signe ọmọ yín ńkọ́? Ṣé ó ti ń sọ èdè wa díẹ̀díẹ̀, àbí èdè bàbá rẹ̀ nìkan ló ń sọ? Ní ti wa, a ò ráhùn. Yìnyín ṣì wà nílẹ̀ dé orókùn, àwọn àgùntàn sì lóyún dáadáa. Skotta ajá yín ti darúgbó, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ìgbà tí a bá ń gé ẹran.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi. Ẹnu Snæbjörn aládùúgbò wa lẹ ti gbọ́ pé ẹsẹ̀ Bàbá kán lórí òkè ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, èmi sì kàn ń sọ fún yín lórí fóònù pé "ó ti ń sàn". Ẹ forí jì mí. Nígbà yẹn, bí mo bá la ẹnu, ẹkún ló máa jáde. Ní báyìí mo lè sọ ọ́, mo sì fẹ́ fi yangàn díẹ̀ ni. Ẹ gbà mí láàyè.

Ẹ rántí pé lẹ́yìn ikú Màmá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n wá kọ́ wa ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọkàn Màmá dúró lójijì, ó ṣubú nínú ilé àgùntàn, Bàbá fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí rẹ̀, ó da aṣọ bò ó, ó sì lọ dúró lẹ́nu géètì kó lè ju ọwọ́ sí ọkọ̀ àwọn oníṣègùn. Wákàtí méjì àtààbọ̀ ló fi dúró níbẹ̀. Ohun tó mọ̀ ló ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀yin bi í lórí fóònù pé, "Kí lẹ wá ṣe fún un, Bàbá?" Ó gbé fóònù náà kalẹ̀ láìdáhùn. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ Màmá mọ́. N kò sọ èyí láti dá yín lẹ́bi o, èmi náà ti bi í rí nínú ọkàn mi.

Ní oṣù Agẹmọ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sólrún wá láti ìlú àwọn apẹja, ó sì kó wa jọ sí gbọ̀ngàn abúlé fún ọjọ́ mẹ́rin. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ sì tó ti ènìyàn mẹ́ta. Ó ní àwọn ará ìlú ńlá máa ń tọ́jú ẹni tó fara pa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọkọ̀ tó dé, ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwa ó lè di wákàtí mẹ́wàá, kò sì sí nǹkan lọ́wọ́ wa ju ohun tó wà nínú àpò gàárì lọ. Ló bá ní kí oníkálùkù da àpò tirẹ̀ sílẹ̀. A da ọ̀bẹ sílẹ̀, okùn koríko, ẹja gbígbẹ, àti ìgò ọtí. Ìgò ọtí ló pọ̀ jù. Sólrún kó gbogbo wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ló ń pa yín." Ó ní ẹni tí òtútù bá mú máa rò pé ọtí ń mú òun móoru, bẹ́ẹ̀ ooru inú rẹ̀ ló ń sá jáde. Ó wá fa ọ̀rá funfun tí gbogbo wa fi ń wé koríko àgùntàn yọ, ó ní kí a máa ká a sínú àpò: ẹni tó bá rin, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ wọ gbígbẹ fún un, ẹ sì wé e.

Ẹ̀yìn pátápátá ni Bàbá jókòó sí, kò tilẹ̀ ṣí fìlà.

"Ọmọ yìí," ló wí fún Sólrún, "ó di ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń jẹ Ọba Òkè, olórí àwọn tó ń kó àgùntàn bọ̀ láti orí òkè. Ọjọ́ tí ẹ bá rí mi nínú ọ̀rá koríko, kí ẹ yáa tètè gbẹ́lẹ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ gé koríko, kò sì padà wá.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a bá ti gun ẹṣin lọ kó àgùntàn bọ̀ láti orí òkè, ohun tí Ọba Òkè bá sọ labẹ gé, kódà bí pásítọ̀ bá wà láàárín wa. Bó bá sì na ìgò ọtí sí ènìyàn, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti tàbùkù rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ yẹn, ọjọ́ kẹta tí a ti wà lórí òkè ni kùrukùru bò wá mọ́lẹ̀ létí odò. Bàbá ló kọ́kọ́ wọ odò náà. Ẹṣin rẹ̀ yọ̀ lórí òkúta, àwọn méjèèjì sì lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí èmi àti Snæbjörn fà á jáde, omi ti rin ín dé ọrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti tẹ̀ níbi tí kò sí oríkèé.

"Ẹ gbé mi sórí ẹṣin," ni Bàbá wí. "Snæbjörn, ìgò dà?"

Snæbjörn ti ṣí i kí ó tó sọ tán. Mo já a gbà, mo dà á sílẹ̀.

"Yéè! Ọtí mi!" ni Snæbjörn ké.

"Hallbera!" Bàbá jágbe mọ́ mi. "Ta ni Ọba níbí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí Ọba bọ́ ṣòkòtò."

Ẹ ò bá gbọ́ èébú! Ó bú èmi, ó bú Sólrún, ó bú ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ọ̀rá láyé. Inú mi sì ń dùn sí i, nítorí ẹni tó bá ṣì lè bú ènìyàn báyẹn, òtútù ò tíì wọlé jìnnà. Mo fi ọ̀pá tó fi ń da àgùntàn àti okùn koríko di ẹsẹ̀ náà, mo gé aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, mo wọ súwẹ́tà ara mi fún un, a tẹ́ gàárì méjì sílẹ̀, a gbé e lé e, a sì wé e. Bí ìdì koríko tó ní irùngbọ̀n ló rí. Snæbjörn gun òkè lọ fi rédíò ọwọ́ pè. Wọ́n ní hẹlikọ́pítà ò lè fò nínú kùrukùru, ọkọ̀ àwọn agbanilà ló ń bọ̀, yóò sì tó wákàtí mẹ́fà.

Nígbà tó di wákàtí kejì, èébú dáwọ́ dúró. Gbígbọ̀n tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Sólrún ti kìlọ̀ fún wa pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ká bẹ̀rù. Bàbá wò mí, ó sì fi ohùn tí n kò gbọ́ láti ọdún méjì sọ pé, "Álfdís, má dìde. Mo fẹ́ lọ wo géètì. Ọkọ̀ ti fẹ́ dé."

Orúkọ Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi! Mo fẹ́ jókòó kí n sunkún, ṣùgbọ́n n kò ráyè. Mo wọnú ọ̀rá náà tọ̀ ọ́ lọ, mo fi àyà mi mọ́ àyà rẹ̀, Snæbjörn fi ẹ̀wù rẹ̀ bò wá, ó sì ní kí ajá rẹ̀ sùn lé wa lẹ́sẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi Bàbá ní àmì tí oko kọ̀ọ̀kan máa ń gé sí etí àgùntàn rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé kò sí èyí tí kò mọ̀. Ó ṣì í. Mo tún bi í. Ó tún ṣì í. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo bi í, títí mo fi mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé etí òsì ni Hvammsel tiwa máa ń gé.

"Etí ọ̀tún ni, òmùgọ̀!" ni Bàbá wí.

Ẹnikẹ́ni ò pè mí ní òmùgọ̀ rí kí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwa méjèèjì jọ ń gbọ̀n. Nígbà tó lè gbé nǹkan mì dáadáa, a fún un ní kọfí tó kún fún ṣúgà. Nígbà tí àwọn agbanilà dé, ọ̀gá wọn wò ó láti òkè délẹ̀, ó béèrè pé ta ló di ìdì yìí, ó ní ẹni náà ló dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Mo ní èmi ni. Bàbá ní òun ló ni ọ̀rá náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sólrún padà wá. Ẹni tó kọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn ni Bàbá, pẹ̀lú ọ̀pá méjì, iwájú ló sì jókòó sí. Ní ọjọ́ kẹta, Sólrún tẹ́ ọmọláńgidi rọ́bà sílẹ̀ kí a kọ́ bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró. Bàbá ní òun ló kàn. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ burúkú yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, Sólrún ní, "Ó tó, Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á." Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Òógùn ń kán sórí rọ́bà náà.

"Bàbá, mo ní ó tó."

"Ọkọ̀ ò tíì dé," ni Bàbá wí.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Snæbjörn kúnlẹ̀ sí òdìkejì, ó ní, "Ọba, ẹ jẹ́ n gbà yín sílẹ̀ díẹ̀." Bàbá gbà. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn báyẹn títí ó fi rẹ àwọn méjèèjì, Sólrún sì dúró, kò dá wọn dúró mọ́. Mo ti fi Bàbá yangàn rí, nítorí ẹṣin, nítorí òkè. Kò tó ti ọjọ́ yẹn.

Ẹ bá mi kí Jeppe, ẹ sì fi ẹnu ko Signe lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Ẹ wá bá wa kó àgùntàn lọ́dún yìí. Mo ti kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ Sólrún, ẹ ò sì lè bọ́ nínú rẹ̀. Bàbá náà ń kí yín. Nígbà tí a ń wakọ̀ bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà, ó ní kí n kọ̀wé sí yín. Ó ní, "Sọ fún Oddný pé mo gbọ́ ìbéèrè rẹ̀. Sọ fún un pé, fún Álfdís, n kò ṣe nǹkan kan, nítorí n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí yín,
Hallbera.