Ìyá Mi, Ẹ Jẹ Búrẹ́dì Yìí Kí Ẹ Tó Yá Wa Lóhùn

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbí ní Agége. Ilẹ̀ síméǹtì yàrá mi tutù gan-an lásìkò òjò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ní kí n dìde. Mo kí bàbá. Mo kí ìyá àgbà tó ní iṣẹ́ mi kò yé òun. Kò tíì yé èmi náà tán.

Sítúdíò ìpolówó ọjà ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Àgídìngbì. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fókódà. Ohùn èèyàn á mú ọ̀rọ̀ wá, kíbọ́ọ̀dù á mú orin wá, ẹ̀rọ náà á wá pò wọ́n pọ̀ títí kíbọ́ọ̀dù á fi dà bí ẹni tó lẹ́nu. Gbogbo ọdún tí mo lò ní politẹ́kíníkì, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ fún mi.

Alhaja kan tó ní ilé búrẹ́dì fẹ́ orin tí ọkọ̀ rẹ̀ tuntun á máa kọ kiri láàárọ̀. Akọrin mẹ́ta la pè. Alhaja ní ohùn èkíní dà bí ẹni tó ń tọrọ owó, èkejì bí ẹni tó ti yó, ẹ̀kẹta bí ẹni tó ń sunkún. Ọ̀gá mi ní tí mo bá lè rí ohùn tí Alhaja máa gbà, òun á sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi.

Ìyá mi, ẹ má bínú. Yàrá mi dákẹ́ jù, ohùn yín tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láràárọ̀, pé kí n dìde, ilẹ̀ ti mọ́. Òun ni mo kó sínú fókódà. Mo kọ́kọ́ lo ohùn kíbọ́ọ̀dù tó rọ̀ bíi fèrè, ẹ wá ń dún bí ẹni tó fomi sẹ́nu. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń ha bí ayùn lára pákó, ọ̀rọ̀ yín sì já gaara. Ṣùgbọ́n kò jọ ìyá ẹnikẹ́ni. Mo wá bu díẹ̀ nínú ohùn yín gangan sí i lábẹ́. Ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ àsàlátù ní kí ẹ kàn máa pàtẹ́wọ́, ẹ ti ń kọrin lóhùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà! Kí ẹgbẹ́ náà lè kà á ni mo ṣe ní kí ìwé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí síta.

Alhaja gbọ́ ọ, ó dìde dúró. Ó ní òun ò mọ ohun tó gbé òun dìde.

Mo ní ẹni tó lohùn ò tíì gbà. Ẹ rántí pé nígbà tí mo jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù, ẹ ní kí ẹnì kan sọ fún obìnrin yẹn kó sinmi. Nígbà tí mo ní ẹ̀yin ni, ẹ rẹ́rìn-ín títí bàbá fi gba fóònù, tí wọ́n ń bi mí léèrè ohun tí mo ṣe fún yín. Ẹ gba fóònù padà, ẹ ní ẹ ò ní í jí ọmọ ọlọ́mọ nítorí oúnjẹ tí ẹ ò tọ́ wò rí.

Mo rò pé Alhaja máa bínú. Ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ ní làákàyè nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Búrẹ́dì mẹ́rin tó fi ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tọ́ ọ wò ti wà lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lásán o, kí ẹ̀wà má bàa jẹ́rìí èké. Tí kò bá dùn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Màá pa ohùn yín rẹ́, màá sì máa kọ́ṣẹ́ lọ. Ọkọ̀ ti wà ní ìta, wọ́n ti fọ̀ ọ́, sípíkà ńlá ti wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá mi, Alhaja, awakọ̀, gbogbo wa la jókòó tí à ń dúró kí ẹ jẹun tán.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé.

Ọmọ yín,
Wàsíù