Ẹjọ́ Dókítà Ekpè

Ọjọ́ Àìkú, 4 Èbìbí
Balqees ọmọ mi ń bì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Sébastien ní Ekpè, ìlú wa. Abẹ́rẹ́ sìn mí lọ — Irène ni, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní Cadjèhoun. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mú. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.
Dókítà ń tẹ ikùn ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bojú wẹ̀yìn, Abẹ́rẹ́ ti bọ́ síta, ó di ògiri mú. Inú takisí ló tó lè sọ̀rọ̀. Rùwáńdà, 1994, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun. Nígbà tí wọ́n ń pa ẹ̀yà Tutsi run, ọkùnrin yìí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn abúlé wọn, tó ń tọ́ka sí àwọn tí wọ́n máa fà jáde. Ìyá Abẹ́rẹ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì.
Mo gbà á gbọ́. Lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Èbìbí
A lọ bá agbẹjọ́rò ìjọba. Abẹ́rẹ́ dárúkọ tí Dókítà ń jẹ́ nígbà náà. Agbẹjọ́rò náà jókòó dáadáa. Ó ní ó pẹ́ tí Rùwáńdà ti ń wá olórúkọ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 15 Èbìbí
Wọ́n ti mú un.

Ọjọ́ Jímọ̀, 16 Èbìbí
Ekpè gbóná. Àwọn oníbàárà mi méjì kọjá láìkí mi.
Baba Balqees kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní ta ló gba Balqees lọ́wọ́ ikú lọ́dún tí ibà fẹ́ pa á? Ó ní ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kí ni wọ́n tún ń hú òkú sí? Mo ní òkú tí wọn ò tíì sin, ta ló lè hú u?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Èbìbí
Dókítà sọ fún adájọ́ pé òun ò dé Rùwáńdà rí. Irọ́! Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Balqees, ó bá wa jẹun, òjò dé, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rọ̀ ní Kigali nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀. Mo gbọ́. Baba Balqees gbọ́.
Mo ti lọ sọ ọ́ fún agbẹjọ́rò ìjọba. Wọ́n ní kí n wá wí i níwájú adájọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Òkúdù
Baba Balqees ní òun ò ní bá mi lọ. Mo ní mo mọ ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 4 Òkúdù
Mo wí i. Dókítà wò mí, ó ní, “Ìyá Balqees, ṣé ohun tó tọ́ sí mi lọ́wọ́ yín nìyí?”
Mo ní, “Dókítà, mo dúpẹ́ ti ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ìyá Irène ni wọ́n ń bi yín.”
Adájọ́ ní kí Abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ bó bá ní ọ̀rọ̀. Ẹyọ kan ló sọ:
“Níbo lẹ kó wọn sí?”
Dókítà ń wo ilẹ̀. Déborah, ìyàwó rẹ̀, wà lẹ́yìn, ó ń wò ó.
Mo délé, Baba Balqees ti se ìrẹsì dè mí. Iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Jímọ̀, 20 Òkúdù
Adájọ́ ti pàṣẹ: kí wọ́n dá a padà sí Rùwáńdà, kó lọ jẹ́jọ́. Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa já sí. Abẹ́rẹ́ kò sunkún. Ó ní aṣọ ìyàwó kan ń dúró de òun, ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Òkúdù
Déborah wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti rò pé èébú ló gbé wá, mo ti múra sílẹ̀. Ó kí mi, ó béèrè Irène. Mo pè é.
Ó ní láti ọjọ́ ilé ẹjọ́ yẹn lòun ti sọ fún ọkọ òun pé òun ò ní gbé oúnjẹ wá sí àtìmọ́lé mọ́, òun ò sì ní kó àwọn ọmọ wá kí i, àfi tó bá dáhùn ìbéèrè yẹn. Àná ló dáhùn. Kànga kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà. Wọ́n ti dí i. Wọ́n gbin igi píà sórí rẹ̀.
Abẹ́rẹ́ ní òun mọ igi náà. Ó fa àga fún Déborah, ó ní kó jókòó.
Nígbà tó yá, Abẹ́rẹ́ yíjú sí mi. Ó ní kí n gé aṣọ funfun fún òun. Mẹ́ta.
Ó ní kí méjì kúrú.