Ọ̀rọ̀ Tí Rosendo Sọ Nínú Hẹlikọ́pítà

                                        Abúlé Santa Emerita,
                                        Iloilo,
                                        Filipíìnì.
                                        17 Oṣù Kejì, 2019.

Panyang, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Kánádà ò tíì gbé ọ mì? Ara tiwa le, a dúpẹ́.

Ó pé ọdún kan lánàá tí hẹlikọ́pítà já pa ẹ̀gbọ́n mi Rosendo, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun bí a ṣe ń wà á. O mọ̀ pé pósí tí wọ́n ti kàn pa ni wọ́n gbé wá fún wa. Láti ìgbà náà, omi ò bọ́ lójú ìyá wa. Ó ṣì ń sá aṣọ Rosendo sóòrùn. Bí a bá ní kó jẹ́ ká lọ sí ibojì, á ní, "Ta nínú yín ló rí ojú rẹ̀? Ẹ máa lọ sunkún pákó yín." Ọ̀rọ̀ náà ti ń bà mí lẹ́rù.

Lánàá, lẹ́yìn àdúrà ọdún, ọmọbìnrin kan tiro wọlé. Jovelyn Halili ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó ti Rosendo lọ́jọ́ náà, tí orí kó yọ. Àwọn àlejò ti ń sọ pé àdúrà ló wà lẹ́nu Rosendo tó fi kú. Ìyá wa fa Jovelyn jókòó.

"Ìwọ lo wà níbẹ̀. Má parọ́ fún mi. Kí ló ń sọ?"

"Màmá, kì í ṣe àdúrà o."

"Ṣáà sọ ọ́."

"Ó ní tí a bá balẹ̀, òun á mú mi wá jẹ ẹ̀wà òtìlí tí ẹ fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sè. Ó ní kí n gbé omi dání, pé ẹ ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ni òkun. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ó ní kí n fọwọ́ kúrò, kí òun gbà á. Kò sọ nǹkan míì mọ́."

Àfi bí ìyá wa ṣe bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ aláìlójútì! Òun náà ni! Ta ló tún lè bú mi báyẹn?" Ẹ̀rín yẹn ò tíì tán tó fi di ẹkún. Jovelyn fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìyá wa ni kò sunkún, tí kò sì ríran látọdún kan yìí wá.

Mo ti ń rò ó láti àná. Akọni, akọni, la sọ títí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé aláwàdà ni.

Láàárọ̀ yìí, ìyá wa fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ síbi ibojì. Kò gbàdúrà nídìí ibojì. Ó jókòó sórí koríko, ó ń fọwọ́ pa sìmẹ́ǹtì náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí, ó ní, "Rosendo, sùn ire o."

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Bising