Ọkọ̀ Tí Kò Rìn

Sátidé, Bàrígà

Inú ń bí mi gan-an.

Bàbá Dámi ló gbà pé kí àwọn onífíìmù fi ọkọ̀ wa ya fíìmù, òun náà ló tún fi ọmọ mi kún un. Ọmọ oṣù méje! Wọ́n gbé Dámi lé ẹsẹ̀ òṣèrébìnrin kan nínú ọkọ̀ náà, wọ́n ti gbogbo gíláàsì, wọ́n pa éèsì tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, wọ́n ní ariwo rẹ̀ ń ba ohùn tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ jẹ́. Nínú oòrùn ọ̀sán yẹn!

Ọkọ̀ ò sì kúrò lójú kan o. Bàbá Dámi ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó ń fọwọ́ mì í kó lè dà bíi pé ó ń sáré.

Ọmọ ń ké, òógùn bò ó. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Dáírẹ́kítọ̀ ní, "Màdáámù, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ ń hàn nínú gíláàsì. Igbe yẹn gan-an la fẹ́."

Mo wo ọkọ mi. Ó ń rí ọmọ rẹ̀ kedere látẹ̀yìn. Ó ṣì ń mi ọkọ̀ lọ.

Èmi ni mo fipá ṣílẹ̀kùn, mo gbé ọmọ mi.

"O dójú tì mí," ló ń wí títí a fi délé. Èmi? Tí ọmọ yẹn bá dákú ńkọ́...

Wọ́n tún ń bọ̀ lọ́la. Bàbá Dámi ní mi ò gbọ́dọ̀ fọ aṣọ yẹ́lò tí ọmọ wọ̀, pé aṣọ yẹn náà ni Dámi máa wọ̀ lọ́la kí ti òní àti ti ọ̀la lè bára mu nínú fíìmù.

Mi ò fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Mo ti gé e sí wẹ́wẹ́, mo fi nu ilẹ̀ kíṣìnì.