Ẹni Tó Jí Àálè Yín

Bàbá mi tí mo ṣì ń bínú sí díẹ̀,

Ẹ lọ láì tú àálè yín. Igi ìdáná tí ẹ kó jọ sẹ́yìn ilé, tí ẹ so ẹsẹ̀ sálúbàtà yín kan mọ́ pẹ̀lú àkísà pupa kí olè má baà fọwọ́ kàn án, ó wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó pa àálè nìkan ló lè tú u, pé bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án, inú á máa run ún. Láti ìgbà tí a ti sin yín, àwa tí a ní igi là ń ra igi. Màmá máa ń wo òkìtì yẹn bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo iyán àlejò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àálè náà di àwátì. Olè ò mú igi kankan o. Àálè gan-an ló jí. Ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Ni ẹ̀gbọ́n yín bá pe gbogbo ilé jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní inú ẹ̀jẹ̀ ni olè jíjà wà, pé ọ̀dọ̀ ìyá lọmọ ti ń jogún rẹ̀, wọ́n sì ń wo Kọ̀jó àbúrò mi bí iṣu tó ti kẹ̀. Katikísì ìjọ wa ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, pàṣán ni kò tó. Mèsíyè tó ń kọ́ Kọ̀jó níwèé, tó ti Lómè dé pẹ̀lú jígí ojú, ní àwọn méjèèjì ò mọ nǹkan kan. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ pé ìṣẹ́ ló ń sọni dolè, àwọn kan ní ẹgbẹ́ búburú ni, àwọn kan ní bí ìlú bá ń pe èèyàn lólè títí, yóò jalè. Ó gbádùn ara rẹ̀ gan-an. Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀, díẹ̀ ló yé mi. Ṣùgbọ́n ta ni ò ní nǹkan kan nínú ilé wa? Ta ló ń bá àwọn ọmọ gáréèjì rìn? Ta la ti ń pè lólè láti àárọ̀? Gbogbo ìmọ̀ ayé wá ṣe kòńgẹ́ lórí ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ò tíì hù tán.

Ẹ̀gbọ́n yín ní kó fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ́la, kó lọ máa pẹja ní adágún omi Nangbéto, nítorí kò sẹ́ni tó ń jí omi. Kọ̀jó bú sẹ́kún. Ọmọ yẹn ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, Bàbá. Tó bá lọ, ta ni mo fẹ́ máa bá jà?

Ìyá Àgbà ń yan àgbàdo, wọn ò gbójú sókè.

"O ní ọ̀dọ̀ ìyá lolè ti ń wá, àbí? Èmi ni ìyá tìẹ. Adìẹ tí o jí sun jẹ lọ́jọ́sí, èmi ni mo kó o sí ọ lẹ́jẹ̀?"

Katikísì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n yín ní ọ̀rọ̀ Nangbéto ò yí padà ṣá.

Ni Màmá bá wọ yàrá, wọ́n jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ sálúbàtà yín méjèèjì lọ́wọ́, àkísà pupa ṣì wà lára ọ̀kan.

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Èmi ni."

Gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n yín bi Màmá léèrè bóyá inú ń run wọ́n. Màmá ní rárá.

"Orí ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń fọ́ mi lórí."

Mèsíyè yọ jígí ojú, ó rọra bi wọ́n bóyá ìṣẹ́ ló fà á, bóyá nítorí igi. Màmá ní àwọn ò fọwọ́ kan igi kankan.

"Ẹsẹ̀ kejì ń dá sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀."

Mo wo Mèsíyè, mo rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé á ní ọ̀rọ̀ kan fún irú olè yìí. Ilẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀gbọ́n yín gbé àpótí tí wọ́n fi ń jókòó, wọ́n lọ sílé.

Kọ̀jó kò lọ mọ́. Ó ti bá mi jà láàárọ̀ yìí. Ṣé ẹ bínú sí Màmá? Ẹ má dán an wò. Bí inú bá fi lè run wọ́n, èmi àti ẹ̀yin la jọ ní in sọ.

Èmi ọmọ yín tí ojú rẹ̀ kì í túká, tó sì fẹ́ràn yín bẹ́ẹ̀ náà.