Ọ̀kan Ni Kẹ́ Ẹ Fún Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ìwé yìí wé ìgò oògùn Màmá Àgbà kẹ́ ẹ lè tètè rí i. Ẹ má fún wọn ní méjì o! Ọ̀kan bíi ti tẹ́lẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì tó ń ṣèwádìí oògùn tuntun yẹn pè láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ Màmá lápá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ru gan-an lánàá, kí wọ́n máa lo méjì.

Ẹ̀jẹ̀ tèmi ni. Ẹ mọ̀ pé bí Màmá bá wọ balùwẹ̀, ó dìrọ̀lẹ́. Mo so ẹ̀rọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ mọ́ apá mi, mo sáré lọ sí pápá, mo ní àwọn dókítà ń wádìí ibi tí agbára mi ti ń wá. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó dáa, mẹ́ta ni wọ́n. Mo gbá bọ́ọ̀lù títí ẹ̀rọ náà fi ń fún mi lápá. Òun kì í parọ́ bíi tèmi.

Nígbà tí Màmá gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, wọ́n rò pé ikú ti dé, àmọ́ wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ń ká aṣọ wọn. Wọ́n ní aláwọ̀ ewé tí ojú yín ò kúrò lára ẹ̀ yẹn, tiyín ni. Wọ́n ní kí n máa mú rédíò wọn lọ.

Mo ti lọ jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó ní ọ̀kan náà ni kí wọ́n máa lò. Ẹ bá mi sọ fún Màmá tí wọ́n bá jí, mi ò lè wojú wọn.

Rédíò wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ ní mi ò gbà á.